Ẹ̀bẹ̀ Pé Kí Ẹ Yọ Wákàtí Iṣẹ́ Tí N Kò Ṣe Kúrò Lórúkọ Mi

Fúláàtì 31, Ilé Harrowby,
Ẹ̀yìn Rye Lane,
Peckham,
London SE15.

Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kọkànlá, ọdún 2025.

Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Tó Ń Ṣàyẹ̀wò Àdánù Òwò,
Ọ́fíìsì Owó-orí,
London.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÀDÁNÙ MI NÍNÚ ÒWÒ ÀJỌṢE ÒRÉRÉ FÚN ỌDÚN OWÓ-ORÍ 2023 SÍ 2024, ÀTI ÌWÉ WÁKÀTÍ TÍ WỌ́N FI ORÚKỌ MI KỌ

1. Orúkọ mi ni Látífàt Sàláwù. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mí, opó ni mí, mo sì ti ń ṣiṣẹ́ olùtọ́jú ní ilé àwọn arúgbó kan ní Forest Hill láti ọdún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn. Ọ́fíìsì yín ń yẹ ìwé owó-orí mi wò lọ́wọ́. Ìbéèrè tí ẹ ń bi mí kò gùn: wákàtí mélòó ni mo fi ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ nínú òwò tí wọ́n ń pè ní Òréré? Ẹlòmíràn ti bá mi dáhùn, ó ní wákàtí méjìlá. Mo kọ lẹ́tà yìí láti fi ọwọ́ ara mi dáhùn pé n kò ṣe ẹyọ kan níbẹ̀ rí.

2. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kọ̀wé sí yín ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ dá owó padà fún àwọn. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún yàtọ̀ sí ìyẹn. Kí ẹ tó lè mọ ìdí rẹ̀, mo ní láti ròyìn bó ṣe ṣẹlẹ̀, títí kan ibi tí ẹ̀bi ti kan èmi fúnra mi.

3. Ọkọ mi, Abdulbasit Sàláwù, wà lára àwọn tó ń tún ojú irin ṣe. Ó kú ní oṣù Kejì ọdún 2021. Àwọn tó gbà á síṣẹ́ san owó kan fún mi lẹ́yìn ikú rẹ̀, mo sì ya £30,000 sọ́tọ̀ nínú rẹ̀. Fún ọdún méjì gbáko, n kò fọwọ́ kàn án. N kò fẹ́ kí ó gba èlé, n kò sì mọ ibi tí mo lè fi í sí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni Ọ̀gbẹ́ni Kóyọ̀dé Alébíoṣù wá bá mi nípa òwò. N kì í tètè gba àlejò gbọ́, ṣùgbọ́n Kóyọ̀dé kì í ṣe àlejò sí mi. Nígbà tí ọkọ mi kú, ìjọba kò gbà kí èèyàn pọ̀ níbi ìsìnkú nítorí àjàkálẹ̀ àrùn. Kóyọ̀dé wà lára àwọn díẹ̀ tó wọ inú sàréè láti gba òkú rẹ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe ìyẹn fún èèyàn, ó ṣòro láti bi í ní ìbéèrè púpọ̀.

4. Ilé ìkẹ́rùsí kan nítòsí Surrey Quays ni òwò náà. Ó ní yàrá òtútù mẹ́ta, níbi tí àwọn oníṣòwò ti ń tọ́jú ẹja dídì àti ẹran. Àdéhùn wa kò ní èlé nínú. Àwa mẹ́tàlélógún la mú owó wá, Kóyọ̀dé sì mú iṣẹ́ wá. Bí èrè bá wọlé, a ó pín in. Bí àdánù bá dé, àwa tó mú owó wá ni yóò kọ́kọ́ kàn. Nínú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, ẹni tó mú owó wá kì í ṣiṣẹ́, ohun tó sì mú kí n gbà nìyẹn, nítorí iṣẹ́ tí mò ń ṣe ti tó mi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo dé ibẹ̀, ní ọjọ́ Sátidé tí wọ́n ṣí i ní oṣù Keje ọdún 2023. Wọ́n wọ ẹ̀wù òtútù ńlá kan fún mi, mo dúró nínú yàrá kìíní fún bí ìṣẹ́jú kan, eyín mi ń lu ara wọn, mo sì jáde. N kò padà síbẹ̀ mọ́.

5. Ní ọdún àkọ́kọ́, Òréré ra ẹ̀rọ púpọ̀, kò sì jèrè. Ìpín tèmi nínú àdánù náà jẹ́ £14,600. Ní ọjọ́ Sunday kan ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Kùránì, Kóyọ̀dé pe àwa alábàáṣe jọ sí yàrá ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí. Ó ṣàlàyé pé a lè yọ àdánù yìí kúrò nínú owó oṣù tí a ti san owó-orí lé lórí, kí ìjọba sì dá díẹ̀ padà fún wa. Ó wá ní ìṣòro kan wà. Ọ̀rọ̀ tó sọ nìyí, mo rántí rẹ̀ dáadáa: "Òfin yìí kò fẹ́ràn ẹni tó jókòó. Gbogbo yín ní láti jẹ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́, lórí ìwé." Bàbá kan bi í bóyá ìyẹn kì í ṣe irọ́. Kóyọ̀dé rẹ́rìn-ín, ó ní bí àwọn olówó ìlú yìí ṣe ń ṣe é nìyẹn, àwa nìkan ni a kò mọ̀.

6. Ó pín ìwé fún wa. Lórí tèmi, orúkọ mi wà lókè, ìlà tí n ó fọwọ́ sí sì wà nísàlẹ̀. Àárín rẹ̀ ṣófo. Kò sí ẹni tó di ọwọ́ mi mú. Mo rí i pé ìwé náà ṣófo, mo sì fọwọ́ sí i. Báírò tí mo fi fọwọ́ sí i kò da yínkì dáadáa, ó há mọ́ bébà níbi tí mo ti fẹ́ fa ìlà tó kẹ́yìn, ó sì fi ìkọ́ kékeré kan sílẹ̀ ní ìdí orúkọ mi. Mo ní ìdí tí mo fi sọ èyí fún yín.

7. Ní oṣù Kejì ọdún yìí, £2,920 wọ àkáǹtì mi láti ọ́fíìsì yín. Mo fi púpọ̀ nínú rẹ̀ san owó ilé fún ọmọbìnrin mi, Rahmah, tó ń gbé ní Kennington, tó sì ń kọ́ṣẹ́ amòfin. Mo sọ fún un pé owó-orí tí mo san ju bó ti yẹ lọ ni. Nígbà tí lẹ́tà yín dé ní oṣù Kẹta, tí ẹ ń béèrè ẹ̀rí wákàtí mi, mo mú un lọ bá Kóyọ̀dé. Ó ní kí n fi í sílẹ̀ fún akáńtáǹtì, mo sì fi í sílẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti fọwọ́ sí bébà yẹn ni ọkàn mi ti mọ̀ pé nǹkan kan kò tọ́. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi dákẹ́.

8. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹfà ọdún 2025, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ Òréré wọ yàrá òtútù kẹta lẹ́yìn aago kan ọ̀sán láti kó páálí ẹja jáde. Waris Ajéníyà ni orúkọ rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ilẹ̀kùn tì mọ́ ọn. Bọ́tìnnì kan wà lára ògiri nínú yàrá náà tó yẹ kí ẹni tó wà nínú tẹ̀ kí ilẹ̀kùn lè ṣí. Bọ́tìnnì náà ti bàjẹ́, kò sì sí ẹni tó mọ ìgbà tó ti bàjẹ́. Òṣìṣẹ́ kejì ti gbé ọjà lọ fún oníbàárà. Aago mẹ́rin kọjá kí wọ́n tó rí Waris. Ó lo ọjọ́ méjì ní ọsibítù, ó sì kú.

9. Mo lọ sí ibi ìrun òkú rẹ̀. Mo dúró nínú ìlà àwọn obìnrin, mo ṣe àdúà fún un, mo fi owó tí mo ní sínú àpótí tí wọ́n gbé ká fún ìyàwó rẹ̀, mo sì lọ sílé. Mo rò pé ọ̀fọ̀ ẹni tó fi owó sí ibẹ̀ ni mò ń ṣe. N kò mọ̀ pé orúkọ mi ti wà lára ilẹ̀kùn náà.

10. Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ karùn-ún oṣù Keje, ìyàwó Waris kan ilẹ̀kùn mi lẹ́yìn ìrun Ásárì. Àmínát ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n ìyẹn kò wọlé, ó dúró sí àtẹ̀gùn. Mo gbé omi fún Àmínát, kò fọwọ́ kàn án. Ó kọ́kọ́ béèrè bóyá èmi ni L. Sàláwù, mo ní èmi ni. Ó sọ fún mi pé àwọn tó ń wádìí ikú ọkọ òun ka ìwé kan fún òun, èyí tí wọ́n mú láti orí tábìlì Kóyọ̀dé. Ó ní nínú ìwé náà, L. Sàláwù ló ń ṣàyẹ̀wò àwọn ilẹ̀kùn àti bọ́tìnnì inú ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tó sì ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó dára.

11. Ohùn rẹ̀ kò le rárá nígbà tó bi mí pé, "Nǹkan kan péré ni mo fẹ́ mọ̀, Mummy. Lọ́jọ́ yẹn, ṣé ẹ yẹ ilẹ̀kùn náà wò ni, àbí ẹ kàn kọ ọ́?"

Mo sọ fún un pé n kò yẹ ilẹ̀kùn kankan wò rí, n kò sì kọ nǹkan kan. Ó wò mí títí. Ó ní, "Orúkọ yín ni wọ́n kà fún mi." Ó dìde, ó sì jáde lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀yin Ọ̀gá, iṣẹ́ mi ni láti jókòó ti àwọn tó ń kú lọ, kí n sì sọ fún àwọn ọmọ wọn nígbà tí ó bá parí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wò mí bí obìnrin yẹn ṣe wò mí.

12. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Keje, mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì yín pé kí ẹ fi ẹ̀dà gbogbo ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórúkọ mi ránṣẹ́ sí mi. Ó dé ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹsàn-án nínú àpòòwé ńlá kan. Ojú-ewé méjìdínláàádọ́ta ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Akáńtáǹtì Òréré ti kọ ọ́ sí iwájú rẹ̀ pé ìwé wákàtí Ìyáàfin Sàláwù ni, pé kí ẹ fi ṣe ẹ̀rí pé mò ń ṣiṣẹ́ ju wákàtí mẹ́wàá lọ lọ́sẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ọdún 2023. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní wákàtí méjìlá, mẹ́ta nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun: àyẹ̀wò ilẹ̀kùn yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti bọ́tìnnì inú. Ní ìparí rẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì: ó dára. Ìfọwọ́sí mi wà ní ìsàlẹ̀ gbogbo ojú-ewé. Gbogbo wọn ló ní ìkọ́ kékeré yẹn ní ìdí orúkọ, ní ibì kan náà, ní ìwọ̀n kan náà. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo fọwọ́ sí i. Ẹ̀rọ ló ṣe ìyókù.

13. Mo wá ojú-ewé ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹfà. Ó wà níbẹ̀. Ilẹ̀kùn yàrá kẹta: ó dára. Mo ṣí ojú-ewé tó tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹfà, mo tún wà lẹ́nu iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ àwọn ọlọ́pàá ti ti ibẹ̀ pa nígbà náà, ẹnikẹ́ni kò wọlé. Mo ṣiṣẹ́ ní oṣù Keje. Mo ṣiṣẹ́ ní oṣù Kẹjọ. Mo ń ṣí i lọ títí mo fi dé ìparí oṣù Kẹta ọdún 2026. Lórí ìwé yẹn, mo ti ṣe iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí kò tí ì dé, mo sì ti rí i pé gbogbo ilẹ̀kùn dára.

14. Ẹ̀rí mi nìyí. Láti ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ọdún 2023 títí dé ọjọ́ tí Waris há sínú yàrá yẹn, ọjọ́ Ìṣẹ́gun méjìlélọ́gọ́rùn-ún ló wà níbẹ̀. Ní mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún nínú wọn, ẹnu iṣẹ́ ni mo wà ní Forest Hill láti aago méje àbọ̀ àárọ̀ sí aago méje àbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Mo ti so ìwé ṣíìfù wọn mọ́ lẹ́tà yìí. Ní mẹ́ta, Mẹ́kà ni mo wà fún Hájì. Ẹ̀dà páásípọ́ọ̀tù mi wà níbẹ̀. Ní márùn-ún, mo ń ṣàìsàn. Ẹ ó rí ìwé dókítà.

15. Ó ku ọjọ́ kan. Mo gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan fún Iléyá ọdún yìí, ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹfà sì bọ́ sínú rẹ̀. N kò jáde nílé lọ́jọ́ náà. Mo tú kọ́tìnnì gbogbo ilé, mo fọ̀ wọ́n, mo sì sá wọn. Rahmah wà ní Kennington, kò sí ẹni tó rí mi, kò sí ẹni tó pè mí. Nínú ọjọ́ méjìlélọ́gọ́rùn-ún, ọjọ́ tí ọkùnrin náà há mọ́lé nìkan ni n kò ní ìwé kankan fún. Mo lè fi í pamọ́ fún yín. Mo sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́.

16. Mo mú ìwé náà lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Asher, tó máa ń jókòó sí ilé ìkàwé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì-kejì láti gba àwọn ará àdúgbò nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́. Mo pààrọ̀ ṣíìfù kí n lè rí i. Ó fi sùúrù ṣàlàyé òfin náà fún mi. Ẹni tó bá wà nínú òwò àjọṣe, tí kì í sì í lo tó wákàtí mẹ́wàá lọ́sẹ̀ níbẹ̀, òfin kà á sí alábàáṣe tó jókòó. Kì í ṣe pé òfin kọ àdánù irú ẹni bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ó fi òdiwọ̀n sí i: ohun tó lè yọ kúrò nínú owó mìíràn tó ń wọlé fún un kò gbọdọ̀ ju £25,000 lọ lọ́dún, kò sì gbọdọ̀ ju owó tó fi sínú òwò náà lọ. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, kí ó tọ́jú rẹ̀ de ìgbà tí òwò yẹn gan-an bá jèrè. Ṣùgbọ́n bó bá hàn pé nítorí àtidín owó-orí kù ni wọ́n ṣe ṣètò àdánù náà, kò ní rí nǹkan kan yọ.

17. Lẹ́yìn náà ló wo iye àdánù tèmi. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì sọ fún mi pé bí òwò náà bá jẹ́ òwò gidi, n kò nílò wákàtí kankan. £14,600 mi kò tó òdiwọ̀n náà. Àwọn mélòó kan tí àdánù wọn pọ̀ gan-an ló nílò kí wọ́n jẹ́ òṣìṣẹ́. Lójú tirẹ̀, ìwé tó bá fi hàn pé àwọn mélòó kan péré ló ń ṣiṣẹ́ nínú mẹ́tàlélógún yóò mú ìfura wá, nítorí náà ni wọ́n ṣe kọ iṣẹ́ fún gbogbo wa. Mo rò ó títí nínú bọ́ọ̀sì. Wọ́n wá ohun tí obìnrin tó ti ń dàgbà lè máa ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí kò ní gba agbára, wọ́n sì kọ ilẹ̀kùn. Bí àyè iṣẹ́ yẹn bá ṣófo nínú ìwé, bóyá ẹnì kan ì bá ti béèrè ẹni tó ń yẹ ilẹ̀kùn wò. Orúkọ mi ló dí àyè náà.

18. Kóyọ̀dé wá sílé mi ní ọ̀sán Sunday, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹsàn-án. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó béèrè bí orúnkún mi ṣe ń ṣe. Ó ti gbọ́ pé mo gba ẹ̀dà ìwé. Ó bẹ̀ mí pé kí n má ṣe da òwò rú mọ́ àwọn méjìlélógún yòókù lọ́wọ́, pé gbogbo wọn ló ní ìdílé. Mo sọ fún un pé Waris náà ní ìdílé. Ó wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń ṣàánú mi:

"Aunty, ẹ rò ó dáadáa. Bí ẹ bá sọ pé ẹ kò ṣiṣẹ́, ẹ ti gba owó ìjọba lọ́nà èrú. Bí ẹ bá sọ pé ẹ ṣiṣẹ́, ẹ̀yin lẹ wà nídìí ilẹ̀kùn. Ẹ má sọ nǹkan kan."

Mo ní kí ó máa lọ. Bó ṣe ń wọ bàtà rẹ̀, ó béèrè bóyá Rahmah ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn lọ́yà yẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ó dáa, kí n máa tọ́jú rẹ̀.

19. Ní ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹwàá, ọ́fíìsì yín fi ẹ̀dà ìwé mìíràn ránṣẹ́ sí mi. Akáńtáǹtì ti kọ̀wé sí yín pé àṣìṣe ni ìwé àkọ́kọ́, pé èyí ni ojúlówó, pé kí ẹ jọ̀wọ́ dá ti àkọ́kọ́ padà fún òun. Ìwé tuntun yìí kò kọjá ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹfà. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti pòórá. Ìyàtọ̀ kejì ni pé láti oṣù Kẹrin ọdún 2025, orúkọ kan ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi: Rahmah Sàláwù, olùrànlọ́wọ́. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹfà, ìwé náà sọ pé àwa méjèèjì la jọ yẹ ilẹ̀kùn yàrá kẹta wò.

20. Rahmah kò dé ibẹ̀ rí. Kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ títí di ọjọ́ kìíní oṣù yìí, nígbà tí mo pè é wá sílé, tí mo sì gbé ìwé méjèèjì síwájú rẹ̀ lórí tábìlì kíṣìnì. Ó kà wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tó dé ibi tí orúkọ rẹ̀ wà, ó fi ìka lé e, ó sì fi ìka náà sílẹ̀ síbẹ̀. Ó ní, "Mummy, ẹ fọwọ́ sí ìwé tó ṣófo." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹ kọ ìyẹn sí i. Ẹ má fi í pamọ́." Kò gbà láti bá mi kọ lẹ́tà yìí, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé amòfin ló tò ó fún mi. Ní ọjọ́ kẹta oṣù yìí, ó sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́. Wọ́n ní kí ó dúró sílé títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi yanjú. Kò tí ì bá mi jà. Ìbá sàn fún mi kí ó bá mi jà.

21. Mo ti lọ bá àwọn ọlọ́pàá ní ọjọ́ kẹrin oṣù yìí. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀, wọ́n ní àwọn yóò pè mí. Méjì nínú àwọn alábàáṣe ti pè mí láti sọ pé wọ́n tún ti gbé bébà tó ṣófo fún àwọn láti fọwọ́ sí. Ọ̀kan ti fọwọ́ sí i. Obìnrin kan tí a jọ máa ń to sáfù ní mọ́ṣáláṣí ti ń yà sí ìlà mìíràn báyìí. Lẹ́tà méjì ni mo ti kọ sí yín láti oṣù Kẹsàn-án. Ìwé tí ẹ̀rọ tẹ̀ pé ẹ ti rí i gbà nìkan ló padà dé ọ̀dọ̀ mi.

22. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín lọ́nà mẹ́rin. Èyí tó jẹ́ kánjúkánjú jù ni pé kí ẹ má ṣe dá ìwé wákàtí àkọ́kọ́ padà fún akáńtáǹtì tàbí fún Kóyọ̀dé, ohun yòówù kí wọ́n sọ. Ẹ̀dà ni mo ní lọ́wọ́. Ẹ̀yin lẹ ní èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́, ìwé yẹn nìkan ló sì fi hàn pé wọ́n ti tẹ iṣẹ́ mi sílẹ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í lé àwọn tó ń wádìí ikú Waris Ajéníyà lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí òfin bá ṣe gbà. Èkejì, ẹ kọ orúkọ mi sí ipò tó jẹ́ tèmi, alábàáṣe tó mú owó wá tí kò sì ṣiṣẹ́. Ẹ fi òfin tó wà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ dá ọ̀rọ̀ àdánù mi. Bó bá jẹ́ pé n kò ní nǹkan kan láti yọ, n ó gbà á. Ẹ̀kẹta, £2,920 tí mo gbà wà nílẹ̀. Mo ti dá a jọ padà, mo sì ṣetán láti san án kí ẹ tó parí àyẹ̀wò yín, pẹ̀lú ìtanràn tó bá tọ́ sí mi nítorí ìfọwọ́sí mi. Ẹ̀kẹrin, ẹ yọ orúkọ ọmọ mi kúrò. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ju pé ó jẹ́ ọmọ mi lọ.

23. Wọ́n ti dá ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ lórí ikú Waris. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejìlá ni. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Mo ti ṣí ìwé àkọ́kọ́ síbẹ̀, wọ́n sì ti kọ iṣẹ́ ọjọ́ yẹn náà sílẹ̀ dè mí, wákàtí mẹ́ta, ó dára, pẹ̀lú ìfọwọ́sí mi nísàlẹ̀. Bí ẹ bá dá mi lóhùn tàbí ẹ kò dá mi lóhùn, ilé ẹjọ́ yẹn ni n ó wà láti àárọ̀. Àmínát yóò wà níbẹ̀. N ó sọ níwájú rẹ̀ pé kò sí ẹni tó yẹ ilẹ̀kùn yẹn wò, kì í ṣe lọ́jọ́ náà nìkan, láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí ibẹ̀ ni. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ìwé yín má ta kò mí lọ́jọ́ náà. Níbi tí wọ́n ti kọ wákàtí mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ òdo.

Mo dúpẹ́ pé ẹ fara balẹ̀ kà á dé ibí.

Èmi tí mo ń retí ìdáhùn yín,

Látífàt Sàláwù (Ìyáàfin),
Alábàáṣe tó fi owó sí Òréré, tí kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí.